Orí Keje: Ta Ló Lè Ka Fáìlì Aláìsàn? Ètò Àṣẹ Onípele Nínú Sọ́fítíwíà

Bí ènìyàn bá dé ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì ni yóò kọ́kọ́ dúró. Wọ́n á bi í ní orúkọ, ọjọ́ orí, àdúgbò àti ẹni tí wọ́n lè ránṣẹ́ sí bí nǹkan bá le. Wọ́n á wá fáìlì rẹ̀ jáde, yóò dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà ọ̀dọ̀ dókítà. Níwọ̀n ìgbà tí fáìlì bá ṣì jẹ́ ìwé, ìlẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ń kó o sí àti kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn náà ló ń dáàbò bò ó. Ẹni tó bá fẹ́ yọ́ ka fáìlì ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wọ yàrá yẹn, kó tú àkójọ, kó sì rí i pé ẹnikẹ́ni kò bá òun níbẹ̀. Gbàrà tí a bá gbé fáìlì náà sínú kọ̀ǹpútà, ìlẹ̀kùn yẹn kò sí mọ́. Ẹni tó jókòó sí Ayétẹ̀ lè ka ohun tí wọ́n kọ ní Èrúwà láì dìde lórí àga, àfi bí sọ́fítíwíà bá dá a dúró. Bí a ṣe ń ṣe ohun tí yóò dá a dúró ni orí yìí dá lé, àti bí a ṣe ń ṣe é tí kò fi ní dí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ lọ́wọ́.

Èrò tó gbé orí yìí ró ni pé ipò gíga kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti rí gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tó ń ṣètò ìlera fún ìlú méje nílò iye. Ẹni tó ń gúnni lábẹ́rẹ́ ló nílò orúkọ. Sọ́fítíwíà tó bá da méjèèjì pọ̀ yóò tú àṣírí aláìsàn, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá jí pásíwọ́ọ̀dù.

Igi ìlú méje

Ìlú méje la máa ń kà sí Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà, Ìgàngán, Èrúwà àti Lánlátẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ló pín wọn láàárín ara wọn. Èrúwà àti Lánlátẹ̀ wà ní Ìlà-Oòrùn Ìbàràpá, Èrúwà sì ni ibùjókòó rẹ̀. Igbó-Ọrà àti Ìdèrè wà ní Àárín Gbùngbùn Ìbàràpá, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Igbó-Ọrà. Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngán wà ní Àríwá Ìbàràpá, Ayétẹ̀ ni ibùjókòó. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára ìjọba ìbílẹ̀ 33 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn 33 wọ̀nyí sì wà lára 774 tó wà ní Nàìjíríà. Bí a bá yà á sórí ìwé, igi ló máa jọ: gbòǹgbò rẹ̀ wà lókè, ẹ̀ka ń yọ lára ẹ̀ka títí tó fi kan ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹ̀ka ti yọ la ó máa pè ní òbí, ẹ̀ka tó yọ la ó máa pè ní ọmọ.

A mú Ìbàràpá ní àpẹẹrẹ nítorí pé kíkọ àkọsílẹ̀ ìlera sílẹ̀ ti pẹ́ níbẹ̀. Ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera àwùjọ ní Igbó-Ọrà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Ibarapa Project, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn láti Ìbàdàn sì ti ń wá gbé níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ inú iṣẹ́. A óò padà sọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí, nítorí wàhálà tí wọ́n ń dá sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe sọ́fítíwíà kò kéré.

Sọ́fítíwíà tí irú igi yìí wà nínú rẹ̀ lónìí ni DHIS2, tí Yunifásítì Oslo ní Norway ń bójú tó. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yà àkọ́kọ́ rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990, òun náà sì ni Nàìjíríà ń lò fún àkójọ dátà ìlera gbogbo orílẹ̀-èdè. Bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ ni pé ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní àwọn ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó wá sí: ìwé aboyún, ìwé ìgbẹ̀bí, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí oṣù bá parí, wọ́n á ka ohun tó wà nínú ìwé wọ̀nyẹn, wọ́n á kọ iye rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù àkópọ̀ oṣooṣù, fọ́ọ̀mù náà á sì lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ fún títẹ̀ sínú DHIS2. Ìpele márùn-ún ló wà nínú igi Nàìjíríà: orílẹ̀-èdè, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, wọ́ọ̀dù, ilé ìwòsàn. Nínú orí yìí, a óò fi ìlú rọ́pò wọ́ọ̀dù kí àpẹẹrẹ wa lè rọrùn láti tọ̀.

Ta, kí ni, níbo

Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú gbogbo àṣẹ tí sọ́fítíwíà bá ń fúnni. Ta ló fẹ́ ṣe é? Kí ló fẹ́ ṣe? Níbo ló fẹ́ ṣe é? Ọ̀pọ̀ ètò àṣẹ tó wó, èyí kẹta ni wọ́n gbàgbé. Wọ́n ṣàyẹ̀wò pé nọ́ọ̀sì ni ẹni yìí, wọ́n ṣàyẹ̀wò pé nọ́ọ̀sì lè ka fáìlì, wọ́n wá ṣílẹ̀kùn fún un láì bi í pé fáìlì ilé ìwòsàn wo. OWASP, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ààbò sọ́fítíwíà, fi àbùkù tó jẹ mọ́ irú àṣẹ báyìí sí ipò karùn-ún nínú àkójọ ewu mẹ́wàá tí wọ́n gbé jáde ní 2017. Nígbà tó fi máa di 2021, ipò kìíní ló wà.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ pàápàá kì í ṣe kékeré ní Igbó-Ọrà. Ìwádìí tí Patrick Nylander ṣe láàárín 1972 sí 1982 fi hàn pé nǹkan bí ìbejì 45 sí 50 ló ń wà nínú ìbímọ 1000 ní apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, Igbó-Ọrà ló sì di ìlú tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí nítorí ìbejì. Ẹ wo ohun tí èyí ṣe fún ẹni tó ń kọ kóòdù. Táíwò àti Kẹ́hìndé jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, orúkọ bàbá wọn kan náà, ọjọ́ ìbí wọn kan náà, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Ní ìgboro kan náà, Táíwò mìíràn á tún wà tí orúkọ bàbá rẹ̀ jọ ti àkọ́kọ́. Bí sọ́fítíwíà bá ń fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí dá ènìyàn mọ̀, oògùn Táíwò yóò bọ́ sínú fáìlì Kẹ́hìndé. Bó ṣe rí fún aláìsàn náà ló rí fún òṣìṣẹ́: bí ìbejì méjì bá jọ ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí a sì ń fi orúkọ ìdílé pẹ̀lú ọdún ìbí ṣe orúkọ ìwọlé, akáǹtì wọn yóò forí gbárí. Nítorí náà, nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀ kankan, tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ yàn, ni kí ẹ fi dá ẹni kọ̀ọ̀kan mọ̀. Òṣìṣẹ́ kan, akáǹtì kan. Akáǹtì tí gbogbo nọ́ọ̀sì jọ ń lò, tí wọ́n kọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sára ògiri, ti ba gbogbo ohun tí a óò sọ láti ìsinsìnyí lọ jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Bí àwọn tó ṣáájú ṣe yanjú rẹ̀

Butler Lampson ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ kedere ní 1971: ẹ fojú inú wo àtẹ ńlá kan, orúkọ ènìyàn wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ohun tí a fẹ́ dáàbò bò wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ohun tí ẹni náà lè ṣe sí nǹkan náà wà nínú àpótí tí méjèèjì ti pàdé. Àtẹ yìí tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè kọ ọ́ tán. Unix gé e kúrú: fáìlì kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ni ín, ẹgbẹ́ kan, àti àwọn yòókù, ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan lè kà, lè kọ, lè mú un ṣiṣẹ́. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, mẹ́sàn-án péré. Ó tó fún kọ̀ǹpútà tí àwọn tó ń lò ó mọ ara wọn. Kò tó fún Ìbàràpá, nítorí pé ẹgbẹ́ Unix kò lè ní ẹgbẹ́ mìíràn nínú, igi kò sì lè hù níbẹ̀.

Ní 1975, Jerome Saltzer àti Michael Schroeder kọ àwọn ìlànà tí a ṣì ń tẹ̀ lé dòní. Méjì nínú wọn kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àkọ́kọ́: àṣẹ tí ẹni kọ̀ọ̀kan nílò láti fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni kí a fún un, kó má lé ẹyọ kan. Èkejì: bí kò bá sí ibi tí a ti kọ ọ́ pé ó lè ṣe é, kò lè ṣe é. Ní 1992 ni David Ferraiolo àti Richard Kuhn gbé ìwé jáde ní Amẹ́ríkà pé kí a má fún ènìyàn ní àṣẹ tààrà mọ́. Kí a fún ipò ní àṣẹ, kí a wá fi ènìyàn sí ipò. Ipò dà bí ìdì kọ́kọ́rọ́ tí a fi kọ́ sára ìṣó: ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ló ń mú un, ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ á dá a padà sára ìṣó, ẹnikẹ́ni kò sì ní láti rọ kọ́kọ́rọ́ tuntun. Ní 1996, Ravi Sandhu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìpele kún un: ipò gíga ń jogún àṣẹ àwọn ipò tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ibi ìjogún yìí ni mo ti fẹ́ kí a dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ kọ́ ilé náà dé ibẹ̀.

Ipò lọ́tọ̀, ibi lọ́tọ̀

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni kó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ohun gbogbo: Nọ́ọ̀sì Igbó-Ọrà, Nọ́ọ̀sì Ìdèrè, Nọ́ọ̀sì Tápà, Olùkọ-káàdì Igbó-Ọrà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ipò márùn-ún la ní: olùkọ-káàdì, nọ́ọ̀sì, dókítà, òṣìṣẹ́ láàbù, àti alákòóso. Ìlú méje lọ́nà ipò márùn-ún di ẹgbẹ́ 35. Bí a bá fi ipò kan ṣoṣo kún un, ẹgbẹ́ méje mìíràn la máa dá. Ẹni tó bá gbàgbé láti tún ọ̀kan nínú wọn ṣe nígbà tí òfin yí padà ti fi ihò sílẹ̀, kò sì ní mọ̀ títí ẹnìkan yóò fi gbabẹ̀ wọlé.

Bí a bá ya ipò sọ́tọ̀, tí a ya ibi sọ́tọ̀, ipò márùn-ún àti ìlú méje jẹ́ nǹkan 12 tí a ní láti tọ́jú. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni ìyànsípò, ìlà kan nínú àtẹ tó sọ pé: ẹni yìí, ní ipò yìí, ní ibi yìí, láti ọjọ́ yìí títí di ọjọ́ yìí. Ẹnìkan lè ní ju ìyànsípò kan lọ. Ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní abúlé, ẹni tó ń gúnni lábẹ́rẹ́ náà ló ń kọ káàdì, òun náà ló ń ka iye oṣù. Sọ́fítíwíà kò gbọ́dọ̀ fi ipá mú un láti máa jáde kúrò nínú akáǹtì kan bọ́ sínú òmíràn. Ìyànsípò mẹ́ta ni kó ní.

DHIS2 náà ya méjèèjì sọ́tọ̀ báyìí. Ipò ló ń sọ ohun tí ènìyàn lè ṣe. Ibi tí a so ó mọ́ nínú igi ló ń sọ ibi tó ti lè ṣe é. Ó tún lọ síwájú sí i: ibi tí ènìyàn ti lè tẹ dátà wọlé àti ibi tó ti lè wo àbájáde kì í ṣe ohun kan náà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ń yan wọ́n. Nọ́ọ̀sì Ìdèrè lè tẹ dátà fún Ìdèrè nìkan, kó sì lè wo iye gbogbo Àárín Gbùngbùn Ìbàràpá, kó lè mọ bí ìlú rẹ̀ ṣe ń ṣe sí láàárín àwọn tó yí i ká.

Ohun tó ń jogún àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ jogún

Nínú igi, ìjogún túmọ̀ sí pé ẹni tí a yàn sí òbí ti di ẹni tí a yàn sí gbogbo ọmọ rẹ̀. Alákòóso tí a yàn sí Àárín Gbùngbùn Ìbàràpá kò nílò ìyànsípò mìíràn fún Igbó-Ọrà tàbí fún Ìdèrè. Bí wọ́n bá ṣí ilé ìwòsàn tuntun lọ́la, a fi í sábẹ́ ìlú tó wà, alákòóso á rí i lọ́jọ́ yẹn gan-an. Èyí ni ẹwà igi, òun náà sì ni ewu rẹ̀.

Ewu náà rèé. Bí ìjogún bá bo gbogbo àṣẹ láìyọ ọ̀kan sílẹ̀, ẹni tó wà ní ìpínlẹ̀ yóò lè ṣí fáìlì aboyún kan ní Tápà, kó ka orúkọ rẹ̀, kó ka èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ iye aboyún tó wá, iye tó bímọ sílé ìwòsàn, iye abẹ́rẹ́ tó yẹ kí wọ́n kó lọ sí Àríwá Ìbàràpá ní oṣù tó ń bọ̀. Kò sí èyí tí orúkọ wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀gá òṣìṣẹ́ ni. Kì í ṣe ọ̀gá aláìsàn. Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 sọ pé ohun tó bá jẹ mọ́ ìlera aláìsàn jẹ́ àṣírí, òfin ààbò dátà ti 2023 sì ka dátà ìlera mọ́ àwọn tó nílò ìṣọ́ra jù lọ. Òfin méjèèjì kò sọ pé àyàfi bí ipò ẹni bá ga.

Nítorí náà, ìjogún kì í ṣe ìwà igi. Ìwà àṣẹ kọ̀ọ̀kan ni. Nígbà tí ẹ bá ń kọ àwọn àṣẹ sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ó ń jogún tàbí kò jogún. Wíwo iye ń jogún. Dídá akáǹtì òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ń jogún. Kíka fáìlì aláìsàn kò jogún: ibi tí a bá yàn ọ́ sí gan-an lo ti lè kà á. Kíkọ oògùn sínú fáìlì kò jogún. Sandhu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìṣòro yìí, wọ́n sì sọ̀rọ̀ nípa ipò aládàáni, èyí tí ọ̀gá kò lè jogún, ṣùgbọ́n ní tiwọn, ìjogún ni òfin, àìjogún ni àyọsílẹ̀. Ní ti dátà ìlera, mo rò pé ó yẹ kí a yí i po: kí àṣẹ tuntun kankan má ṣe jogún títí ẹnìkan yóò fi jókòó, tí yóò sọ ìdí tó fi yẹ kó jogún.

Àyẹ̀wò náà kò gùn bí a bá kọ ọ́:

lè_ṣe(ẹni, iṣẹ́, ibi):
    bí wọ́n bá ti ti akáǹtì ẹni pa: dáhùn RÁRÁ
    fún ìyànsípò kọ̀ọ̀kan tí ẹni ní:
        bí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò bá tíì dé, tàbí bí ọjọ́ ìparí rẹ̀ bá ti kọjá: fò ó
        bí iṣẹ́ kò bá sí nínú àṣẹ ipò náà: fò ó
        bí ibi bá jẹ́ ibi ìyànsípò gan-an: dáhùn BẸ́Ẹ̀ NI
        bí iṣẹ́ bá ń jogún, tí ibi sì wà lábẹ́ ibi ìyànsípò: dáhùn BẸ́Ẹ̀ NI
    dáhùn RÁRÁ

Ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn dáadáa. Ẹni tí kò rí ibi tí a ti gbà á láyè, a kò gbà á láyè. Orí sáfà, kọ̀ǹpútà tí dátà wà lórí rẹ̀, ni àyẹ̀wò yìí gbọ́dọ̀ wà, kí ó sì máa ṣẹlẹ̀ nígbà gbogbo tí ẹnìkan bá béèrè fún dátà. Fífi bọ́tìnì pamọ́ lójú fóònù kò tó, nítorí ẹni tó bá mọ àdírẹ́sì dátà náà lè béèrè fún un láì tẹ bọ́tìnì kankan.

Mímọ̀ bóyá ibi kan wà lábẹ́ òmíràn

A lè tọ́jú òbí ibi kọ̀ọ̀kan, ká máa gòkè láti ọmọ dé òbí títí a ó fi dé gbòǹgbò. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń lọ́ra bí igi bá ga. Ọ̀nà tó yá jù ni kí ibi kọ̀ọ̀kan gbé gbogbo ọ̀nà rẹ̀ dání. Ká ní nọ́ńbà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni 1, ti Àárín Gbùngbùn Ìbàràpá ni 3, ti Igbó-Ọrà ni 12, ti ilé ìwòsàn kan níbẹ̀ ni 45. Ọ̀nà ilé ìwòsàn náà ni /1/3/12/45/. Láti mọ̀ bóyá ó wà lábẹ́ Àárín Gbùngbùn, a ó kàn wò ó bóyá ọ̀nà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú /1/3/. Ẹ má ṣe gbàgbé ìlà tó dábùú lẹ́yìn 3 yẹn. Bí ẹ bá kọ /1/3 láìsí i, ìjọba ìbílẹ̀ tí nọ́ńbà tirẹ̀ jẹ́ 30 yóò bá a mu pẹ̀lú, nítorí /1/30/ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú /1/3. Alákòóso Ìbàràpá á máa rí dátà ibi tí kò mọ̀ rí, ètò náà á sì máa ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ìdánwò kan ṣoṣo tó ní 3 àti 30 nínú ti tó láti ká a mọ́.

Igi máa ń yí padà. Nígbà kan rí, ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo ni Ìbàràpá. Lónìí ó ti di mẹ́ta. Sọ́fítíwíà tó kọ iye ìpele àti orúkọ wọn mọ́ inú kóòdù kò ní lè fara da irú ìyípadà bẹ́ẹ̀. Dátà ni kí igi jẹ́. Bí a bá sì gbé ẹ̀ka kan láti abẹ́ òbí kan sí abẹ́ òmíràn, ọ̀nà gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Kí sọ́fítíwíà sì kọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé òbí sábẹ́ ọmọ rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ń gòkè láti ibẹ̀ kò ní dé gbòǹgbò láéláé.

Àwọn tó ń wá tó ń lọ

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí a dárúkọ lókè ń dé Igbó-Ọrà ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Wọ́n nílò láti ka fáìlì, nítorí ẹ̀kọ́ ni wọ́n wá kọ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n ti padà sí Ìbàdàn. Ta ló máa rántí láti gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn? Kò sẹ́ni tí iṣẹ́ kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí ni ọjọ́ ìparí fi wà nínú ìyànsípò. Fún ipò akẹ́kọ̀ọ́, kí sọ́fítíwíà má gba ìyànsípò tí kò ní ọjọ́ ìparí rárá.

Ti òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbé láti ìlú kan lọ sí òmíràn nira ju ti akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì kúrò ní Ìdèrè, ó dé Lánlátẹ̀, wọ́n sì fún un ní ìyànsípò tuntun lọ́jọ́ kìíní nítorí pé kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Ti Ìdèrè ṣì wà níbẹ̀, nítorí pé kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìgbélọ mẹ́rin, ó lè ka fáìlì ìlú mẹ́rin tí kò sí nínú wọn mọ́. Kí ìgbélọ jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú sọ́fítíwíà, tó ń parí ti àtijọ́ bó ṣe ń ṣí tuntun.

Aláìsàn náà kò sì mọ ààlà ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n gbé aboyún kúrò ní Tápà lóru, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, Igbó-Ọrà ni wọ́n gbé e wá. Fáìlì rẹ̀ wà ní Àríwá Ìbàràpá, nọ́ọ̀sì tó gbà á sì wà ní Àárín Gbùngbùn. Gẹ́gẹ́ bí kóòdù tí a kọ, ìdáhùn ni RÁRÁ, RÁRÁ yẹn sì lè pa ènìyàn. Nítorí èyí la ṣe gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà pàjáwìrì sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì á wá aláìsàn náà pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, sọ́fítíwíà á sọ fún un pé fáìlì náà kò sí lábẹ́ rẹ̀, á bi í ní ìdí tó fi fẹ́ ṣí i. Ó kọ ìdí náà, fáìlì ṣí lójú ẹsẹ̀, fún wákàtí díẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti ìdí tó kọ wọ inú àkọsílẹ̀, ìfitónilétí sì lọ bá alákòóso ní ìhà méjèèjì. Apá DHIS2 tó ń tọ́jú dátà ẹni kọ̀ọ̀kan ní irú ọ̀nà yìí: ètò tí a bá fi sí ipò ìdáàbòbò yóò béèrè ìdí kó tó ṣí fún ẹni tó wà níta. A kò gbọ́dọ̀ dá nọ́ọ̀sì dúró kó tó gba ìfọwọ́sí ọ̀gá. Ní aago méjì òru, ọ̀gá ń sùn.

Ewu tó wà nítòsí

Ìwé tí wọ́n kọ nílùú ńlá máa ń fi ọkàn sí olè tó jìnnà, ẹni tó ń jókòó sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó ń fọ́ pásíwọ́ọ̀dù. Ní Ìdèrè tàbí Ayétẹ̀, ẹni tí aláìsàn ń bẹ̀rù kò jìnnà bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò ni, ará ilé ọkọ ni, ẹni tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí ni, ó sì ṣẹlẹ̀ pé ilé ìwòsàn ló ń ṣiṣẹ́. Akáǹtì rẹ̀ tọ́, ipò rẹ̀ tọ́, ibi tí wọ́n yàn án sí tọ́. Bí obìnrin kan bá mọ̀ pé ìyá ọkọ òun lè gbọ́ èsì àyẹ̀wò kòkòrò HIV òun kí òun tó délé, kò ní wá ṣe àyẹ̀wò náà. Ó lè gun ọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn bí owó bá wà. Bí kò bá sí, á jókòó sílé.

Igi nìkan kò lè yanjú èyí. A nílò ààlà nínú fáìlì fúnra rẹ̀: olùkọ-káàdì rí orúkọ àti nọ́ńbà, kò rí èsì àyẹ̀wò, òṣìṣẹ́ láàbù rí àyẹ̀wò tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí ìtàn àìsàn, nọ́ọ̀sì àti dókítà rí èyí tó kù fún ẹni tó wà ní ìtọ́jú lọ́wọ́ wọn. A sì nílò kí gbogbo ṣíṣí fáìlì wà lákọsílẹ̀, kí aláìsàn sì lè béèrè pé ta ló ṣí fáìlì òun. Mo ti gbọ́ tí àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà ń sọ pé aláìsàn abúlé kò ní béèrè. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì sọ fún un pé ó lè béèrè, báwo ni yóò ṣe béèrè?

Ẹni tó ń fúnni ní àṣẹ

Bí ẹnìkan ṣoṣo ní Ìbàdàn bá ń dá gbogbo akáǹtì sílẹ̀, òṣìṣẹ́ tuntun ní Ìgàngán á máa lo akáǹtì ẹlòmíràn fún oṣù mẹ́ta nígbà tó ń dúró. Nítorí náà, kí a pín iṣẹ́ náà sísàlẹ̀ igi: alákòóso ìjọba ìbílẹ̀ lè yan ènìyàn sípò ní ibikíbi tó wà lábẹ́ rẹ̀. DHIS2 fi ìdíwọ̀n pàtàkì kan sí i, pé ẹni tó ń yanni kò lè fúnni ní àṣẹ tí òun fúnra rẹ̀ kò ní. Òfin yìí dára, àmọ́ ó forí gbárí pẹ̀lú ohun tí a ti sọ. Alákòóso wa kò ní àṣẹ láti ka fáìlì, báwo ni yóò ṣe yan nọ́ọ̀sì? Ìdáhùn mi ni pé kí a ya àṣẹ láti lò sọ́tọ̀ kúrò lára àṣẹ láti fúnni. Ìpínlẹ̀ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé alákòóso lè fi ènìyàn sí ipò nọ́ọ̀sì, kò lè fi ara rẹ̀ síbẹ̀, kò sì lè yí ohun tó wà nínú ipò náà padà. Fún ipò tó lè rí fáìlì, kí ìyànsípò má tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí ẹnìkejì, bíi olórí ilé ìwòsàn náà, yóò fi fọwọ́ sí i. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.

Ó kù díẹ̀ nípa kíkọ̀. Àwọn ètò kan jẹ́ kí a kọ àṣẹ ìkọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ ìgbà láyè. Fáìlì Windows ń ṣe bẹ́ẹ̀, òfin rẹ̀ sì nira láti rántí: ìkọ̀ borí ìgbà láyè, ṣùgbọ́n ìgbà láyè tí a kọ sára ọmọ gan-an borí ìkọ̀ tí ó jogún láti ọ̀dọ̀ òbí. Ẹni tó bá ní ìyànsípò mẹ́ta lábẹ́ irú òfin yìí, ó ṣòro láti wo àtẹ kí a sọ ohun tó lè ṣe. Ẹ má fi ìkọ̀ sí i bí kò bá pọn dandan. Bí a kò bá fẹ́ kí ẹnìkan ṣe nǹkan, kí a má fún un.

Ìdánrawò

1. Ya igi Ìbàràpá láti ìpínlẹ̀ dé ìlú méje, kí o sì fún ibi kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà. Lo nọ́ńbà tó lè tú àṣírí àṣìṣe /1/3 àti /1/30/ tí a ṣàlàyé.

2. Olùkọ́ kan láti ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Èrúwà fẹ́ ṣe ìwádìí lórí ìbejì nínú ìlú méjèèje. Ó fẹ́ iye, ó sì fẹ́ mọ ọjọ́ orí ìyá nígbà ìbímọ, ṣùgbọ́n kò nílò orúkọ. Ṣe ipò kan fún un. Àwọn àṣẹ wo ló ń jogún? Ní ìlú tí ìbejì tí a bí lọ́jọ́ kan jẹ́ ẹyọ kan péré, ǹjẹ́ yíyọ orúkọ kúrò tó láti pa ìdílé náà mọ́ ní àṣírí?

3. Tún iṣẹ́ lè_ṣe kọ kí ọ̀nà pàjáwìrì lè wà nínú rẹ̀. Kí ló yẹ kó ṣẹlẹ̀ bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ láàárín ìgbà tí nọ́ọ̀sì ń kọ ìdí rẹ̀?

4. Lọ sí ilé ìwòsàn kan tó wà nítòsí rẹ. Pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, ya àwòrán ọ̀nà tí fáìlì ìwé ń gbà láti ibi káàdì dé ibi oògùn, láì ka fáìlì ẹnikẹ́ni. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, kọ ẹni tó lè rí i àti ohun tó nílò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kọ ipò àti àṣẹ tí ìwọ yóò fi rọ́pò ọ̀nà náà nínú sọ́fítíwíà, kí o sì gbé e padà lọ fún olùkọ-káàdì ibẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò.